Ìlú méjì tó múlé ti ara wọn, èwo ló pọ̀ jù? Ìfiwéra àwọn òṣùwọ̀n àti bí ẹ ṣe lè yan èyí tó bá ìbéèrè yín mu

Ní oṣù kẹfà ọdún 1890, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú àwọn akànìyàn kan ní Minneapolis, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ìkànìyàn tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń kọ orúkọ èèyàn tí kò sí sílẹ̀. Ariwo ta ní Minneapolis pé àwọn ará St. Paul ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ìlú kejì tí wọ́n jọ wà létí odò Mississippi. Ìjọba ní kí wọ́n tún ìlú méjèèjì kà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àṣírí tú níhà méjèèjì. Ní St. Paul, wọ́n ti kọ èèyàn tó lé ní 200 sílẹ̀ pé inú ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ń gbé. Minneapolis tó ti kọ́kọ́ jẹ́ 182,967 já sí 164,738. St. Paul tó ti kọ́kọ́ jẹ́ 142,581 já sí 133,156.

Kí ló gbé ìlú ńlá méjì débẹ̀? Ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú ìgbà náà, Minneapolis jẹ́ 46,887, St. Paul jẹ́ 41,473. Ìlú méjèèjì ń gbèrú kíákíá, wọ́n sì mọ̀ pé èyí tó bá pọ̀ jù ni olówó máa kó owó rẹ̀ wá, òun náà ni ojú irin àti báǹkì máa yà sí. Iye èèyàn wọn ni wọ́n fi ń polówó ara wọn.

Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú òun borí ìlú kejì kò nílò irọ́ mọ́. Ààlà tó bá gbè é ni yóò yàn, yóò ka èèyàn inú rẹ̀, òtítọ́ ni gbogbo iye tó bá sọ yóò sì jẹ́. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Mo ń rí akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn, oníṣòwò àti ẹni tó fẹ́ kó lọ sílùú mìíràn tí wọ́n gbé iye kan jáde, tí wọ́n fi ṣe ìpinnu ńlá, tí wọn kò sì béèrè pé láti ibo dé ibo ni wọ́n kà.

Ìbéèrè kan, ìdáhùn méjì

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínlẹ̀ Missouri. Ìlú ńlá méjì ló ń figagbága níbẹ̀, Kansas City lápá ìwọ̀ oòrùn, St. Louis lápá ìlà oòrùn. Bí ẹ bá bi ará Kansas City léèrè, yóò ní ìlú tòun ló pọ̀ jù, nítorí pé ìkànìyàn ọdún 2020 fún wọn ní 508,090, tó sì fún St. Louis ní 301,578. Bí ẹ bá bi ará St. Louis, yóò ní ẹni yẹn kò mọ nǹkan kan, pé bí a bá ka ìlú náà pẹ̀lú gbogbo ìlú etílé tó yí i ká, St. Louis tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8, Kansas City kò ju mílíọ̀nù 2.2 lọ.

Àwọn méjèèjì kò purọ́. Òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ló sì gbajúmọ̀ jù: ààlà ìlú lábẹ́ òfin, ilé tó so kọ́ra, àti agbègbè àlọ-àbọ̀ iṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó dára fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti ń ṣini lọ́nà.

Ààlà ìlú lábẹ́ òfin

Èyí ni ààlà tí ìjọba ìlú ń ṣàkóso. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń dìbò yan méyọ̀, òun ló ń san owó orí fún ìlú náà, òun ni ìlú náà ń kó ìdọ̀tí fún. Kò sí iyàn jíjà nínú rẹ̀: ilé rẹ wà nínú ààlà tàbí kò sí níbẹ̀. Bí ìbéèrè yín bá jẹ mọ́ ìbò, owó orí, òfin ìkọ́lé tàbí ẹni tó yẹ kó tún títì ṣe, òṣùwọ̀n yìí ni kí ẹ mú. Ẹ má wulẹ̀ wo òmíràn.

Ṣùgbọ́n fún fífi ìlú kan wé èkejì, òun ló ń tanni jẹ jù, nítorí pé ìtàn àti òṣèlú ló fa ààlà náà. Kì í tẹ̀ lé ibi tí èèyàn ń gbé.

Ọ̀rọ̀ St. Louis fi èyí hàn dáadáa. Ní ọdún 1876, àwọn ará ìlú náà dìbò láti ya ara wọn kúrò lára káúńtì (ìpín ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) tó yí wọn ká, torí wọ́n gbà pé owó àwọn ni wọ́n ń ná sórí àwọn ará oko. Wọ́n fa ààlà tí wọ́n rò pé yóò tó wọn, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 160. Ibẹ̀ náà ni ààlà wà títí dòní. Nígbà tí ilẹ̀ inú ìlú kún, àwọn èèyàn kọjá ààlà lọ kọ́lé sínú káúńtì tí wọ́n ti yà kúrò lára rẹ̀. Ní 1950, St. Louis jẹ́ 856,796. Ẹ fi wé 301,578 ti ọdún 2020. Ẹni tó bá rí iye méjèèjì lásán yóò rò pé ogun ló jà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kúrò nínú ìlú kò lọ jìnnà, ẹ̀yìn ààlà ni wọ́n wà. Kansas City ní tirẹ̀ ń gba ilẹ̀ mọ́ra léraléra láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1960, títí ilẹ̀ rẹ̀ fi lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin 800. Ìlú méjèèjì yìí ni àwọn èèyàn ń tò síra wọn nínú àtẹ kan náà bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n.

San Jose àti San Francisco ní ìpínlẹ̀ California náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 1950, San Francisco jẹ́ 775,357, San Jose kò sì tó 100,000. Lọ́dún náà gan-an ni A. P. Hamann di alákòóso ìlú San Jose, ó sì lo ọdún mọ́kàndínlógún lórí oyè. Ilẹ̀ gbígbà ni iṣẹ́ rẹ̀: ọgbà èso kan lónìí, òpópónà kan lọ́la, gbogbo rẹ̀ ló ń fà wọ inú ìlú. San Francisco kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, omi yí i ká níhà mẹ́ta, ààlà káúńtì sì dí ìhà kẹrin. Nígbà tí ìkànìyàn 1990 jáde, San Jose ti kọjá rẹ̀. Ní 2020, San Jose jẹ́ 1,013,240 lórí ilẹ̀ tó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 460; San Francisco jẹ́ 873,965 lórí 121 péré. Èyí já sí pé nínú kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, èèyàn tó lé ní 7,000 ló wà ní San Francisco, ní San Jose kò ju bíi 2,200 lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣí ilé ìtajà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń yà sí, San Francisco ṣì ni yóò jẹ́ ìlú ńlá lójú rẹ̀.

Omi ẹ̀rọ pàápàá lè sọ ìlú kan di ńlá. Ní àwọn ọdún 1950, méyọ̀ Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, M. E. Sensenbrenner, fi àṣẹ lélẹ̀ pé àdúgbò tó bá ń fẹ́ omi ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìlú. Cleveland tí wọ́n jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà ń ta omi fún àwọn ìlú etílé rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì dúró láyè ara wọn. Ní 1950, Cleveland jẹ́ 914,808, Columbus jẹ́ 375,901. Ní 2020, Columbus jẹ́ 905,748, Cleveland jẹ́ 372,624. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Síbẹ̀, bí a bá fi ìlú etílé kún un, àwọn méjèèjì kò jìnnà síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì.

Nígbà míràn, ọmọ ló ń ju ìyá rẹ̀ lọ. Ọdún 1939 ni wọ́n dá Quezon City sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manila. Ìkànìyàn 2020 ní Philippines fún Quezon City ní 2,960,048, ó fún Manila ní 1,846,513. Ilẹ̀ Manila kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 43 lọ, ó ti kún fọ́fọ́ tipẹ́. Chongqing ní Ṣáínà yàtọ̀ pátápátá: mílíọ̀nù 32 èèyàn, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin 82,000, tó kún fún òkè, oko àti abúlé. Ẹni tó bá pè é ní ìlú tó pọ̀ jù láyé ti ka àgbẹ̀ orí òkè mọ́ ará ìgboro.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iye èèyàn inú ààlà ìlú láìsọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Iye tí kò bá ní ìwọ̀n ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò kì í gbé e lé ohunkóhun.

Ilé tó so kọ́ra

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ òfurufú lóru, tí ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí ààlà kankan. Iná lẹ máa rí. Ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, tí òkùnkùn sì gbalẹ̀, ibẹ̀ ni ìlú parí sí. Òṣùwọ̀n kejì kò jìnnà sí ohun tí ojú rí yẹn. Ní Faransé, bí àyè tó wà láàárín ilé kan sí èkejì kò bá ju mítà 200 lọ, ìlú kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí, bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bá ti tó 2,000. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà fọwọ́ sí ọ̀nà kan ní 2020 tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè lò. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin oní kìlómítà kan, wọ́n mú àwọn èyí tí èèyàn inú wọn tó 1,500, wọ́n wá wo èyí tó fara kanra nínú wọn. Bí àpapọ̀ wọn bá tó 50,000, àárín ìlú ńlá nìyẹn.

Ọ̀nà yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ mú nígbà tí mo bá fẹ́ fi ìlú orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn, torí kò sí méyọ̀ tó lè fi òfin fẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń wá ibi tí omi, iná mànàmáná tàbí ọkọ̀ èrò yẹ kó dé.

Àmọ́ ẹ̀gàn ò gbẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìròyìn gba ayé pé Melbourne ti kọjá Sydney, ó ti di ìlú tó pọ̀ jù ní Ọsirélíà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Melton, ìlú kan lápá ìwọ̀ oòrùn Melbourne, ni ilé ti kún àyè tó wà láàárín òun àti ìlú ńlá náà, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba sì kà á mọ́ Melbourne. Melbourne di 4,875,400, ó fi 18,700 ju Sydney lọ. Nínú òṣùwọ̀n mìíràn tí iléeṣẹ́ kan náà ń lò, èyí tó ka gbogbo agbègbè tó rọ̀ mọ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀, Sydney ṣì wà níwájú. Ẹnikẹ́ni kò kó ẹrù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlà kan lórí máàpù ló yí padà.

Ìṣòro rẹ̀ kejì le ju ìyẹn lọ: bí ìlú méjì bá múlé ti ara wọn tó, ilé wọn á so pọ̀, òṣùwọ̀n yìí á sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Minneapolis àti St. Paul ti di ọ̀kan. Manchester àti Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, odò tóóró tí èèyàn máa fẹsẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan ló là wọ́n láàárín. Nítorí náà, ẹ má lò ó láti mọ ẹni tó borí láàárín àwọn orogún méjì. Ohun tó máa sọ fún yín ni pé abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn orogún ọ̀hún ń gbé. Kinshasa àti Brazzaville ló tún wá mú un díjú: ìlú méjèèjì ń wo ara wọn láti ẹ̀bá odò Congo, ẹni tó wà lókè réré á rò pé ìlú kan ni. Kò sí afárá kankan láàárín wọn, orílẹ̀-èdè méjì sì ni. Ẹni tó fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, kó fi ìwé ìrìnnà hàn.

Agbègbè àlọ-àbọ̀ iṣẹ́

Òṣùwọ̀n kẹta ń tọ ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́: níbo ni wọ́n ti ń jí, níbo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Ní Amẹ́ríkà, káúńtì tí ó kéré tán ìdámẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ bá ń lọ ṣiṣẹ́ nínú káúńtì tó jẹ́ àárín ìlú, ara agbègbè ìlú ńlá náà ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́, ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà tàbí tẹ́ ojú irin, òun gan-an ló yẹ kó lo èyí. Òun ló sì tọ̀nà jù nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ajé ìlú kan ṣe tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èkejì.

Káúńtì ló ń bà á jẹ́. San Bernardino, lápá ìlà oòrùn Los Angeles, jẹ́ káúńtì kan ṣoṣo, ó sì fẹ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 50,000 lọ, aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo aṣálẹ̀ yẹn ni wọ́n kà mọ́ agbègbè ìlú ńlá nítorí igun kan tó kún fún ilé.

Iye ọ̀sán àti iye òru tún wà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Àdúgbò Chiyoda ní àárín Tokyo, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ kò tó 70,000. Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ó máa ń lé ní 800,000. Yokohama, ìlú tó tó mílíọ̀nù 3.7 nítòsí Tokyo, máa ń dín kù láàárọ̀ nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣètò ilé ìwòsàn tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò tó sì wo iye òru nìkan, ó ti ṣe é tì.

Ta ló ń dàgbà jù?

Ibí ni àríyànjiyàn ìlú ńlá pẹ̀lú ìlú etílé ti ń gbóná jù. Ẹ wo ìlú mẹ́ta yìí ní Texas, tí wọ́n jọ wà nínú agbègbè kan tó jẹ́ mílíọ̀nù 7.6 lápapọ̀:

| Ìlú | 2010 | 2020 | Iye tó fi pọ̀ sí i | Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún |
|---|---|---|---|---|
| Dallas | 1,197,816 | 1,304,379 | 106,563 | 8.9 |
| Fort Worth | 741,206 | 918,915 | 177,709 | 24.0 |
| Frisco | 116,989 | 200,509 | 83,520 | 71.4 |

Ta ló ṣáájú? Dallas ló pọ̀ jù. Fort Worth ló gba èèyàn tuntun jù. Frisco ló yára jù ní ìdá. Àkọlé ìròyìn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ yẹn, olúkúlùkù á sì mú èyí tó dùn mọ́ ọn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún máa ń gbé ìlú kékeré ga, torí ìwọ̀nba ló ti bẹ̀rẹ̀: Frisco kò ju 33,714 lọ ní ọdún 2000. Iye gan-an máa ń gbè sẹ́yìn ìlú ńlá. Bí ẹ bá ń ronú ilé ẹ̀kọ́, títì àti omi, ẹ wo ìdá, torí ìdá ló ń fi hàn bí wàhálà ṣe máa yára dé. Bí ẹ bá ń ronú ọjà, ẹ wo iye.

Ẹ tún béèrè ọ̀nà tí àwọn èèyàn náà gbà wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà: kí ìbí ju ikú lọ, kí àwọn tó ń kó wọlé ju àwọn tó ń kó jáde lọ, tàbí kí ààlà sún. Fort Worth ní ilẹ̀ gbayawu lápá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ni ilé tuntun ń hù sí, ó sì kọjá mílíọ̀nù kan nínú ìfojúdíwọ̀n iye èèyàn ọdún 2024. Ìlú etílé ti há Dallas mọ́ láti ìhà púpọ̀, bí ẹ bá ti rí i tí kò yára, ẹ má tíì sọ pé àwọn èèyàn ń sá fún un.

Ààlà tó sún ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Ní 1925, Osaka gba àwọn ìlú àti abúlé tó yí i ká mọ́ra, ó di 2,114,804. Tokyo jẹ́ 1,995,567, ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 ṣì wà lára rẹ̀. Bí Osaka ṣe di ìlú tó pọ̀ jù ní Japan nìyẹn. Ní 1932, Tokyo náà gba ìlú àti abúlé 82 mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Ọ̀rọ̀ parí.

Fún ẹni tó ń yàn láàárín inú ìlú àti ìlú etílé

Òṣùwọ̀n nìkan kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó wò jinlẹ̀ ni ọjọ́ orí ìlú etílé náà, torí ìlú etílé tó ń yára dàgbà ní ìlànà kan tó ń tẹ̀ lé. Àwọn tó ń kó wá sábà máa ń jẹ́ tọkọtaya tí ọmọ wọn ṣì kéré, wọ́n sì ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, kíláàsì á kún, àwọn ọmọ á máa kàwé nínú yàrá tí wọ́n gbé wá lórí ọkọ̀, wọ́n á kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun mẹ́ta. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ yẹn ti lọ, àwọn òbí wọn ṣì wà nínú ilé, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹn á sì ṣófo dé ìdajì. Páìpù omi, títì, òrùlé, ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe gbogbo wọn, ìgbà kan náà ni wọ́n máa gbó, ìgbà tí kò sì sí ilé tuntun mọ́ tí owó rẹ̀ máa fi tún wọn ṣe ló máa ń jẹ́. Inú ìlú àtijọ́ ti la irú èyí kọjá léraléra, nǹkan rẹ̀ kì í gbó pa pọ̀.

Torí náà, bí ẹ bá rí ìlú etílé tó ń dàgbà ní ìdá 70 láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ béèrè bí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù ṣe tó. Bó bá ti fẹ́ẹ́ tán, ìyára yẹn náà ti fẹ́ẹ́ tán. Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀, àbí ibi ìsùn lásán ni. Ẹ wò ó bóyá omi àti ọkọ̀ èrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, àbí lọ́wọ́ ìlú ńlá tí wọ́n jọ ń bínú síra wọn.

Ìbínú náà máa ń náni lówó. Ní Kansas City, títì kan wà tí wọ́n ń pè ní State Line Road. Ilé tó wà lápá ìlà oòrùn títì wà ní Missouri, èyí tó dojú kọ ọ́ wà ní Kansas. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìpínlẹ̀ méjèèjì fi ń dín owó orí kù fún iléeṣẹ́ tó bá gbà láti sọdá ààlà. Iléeṣẹ́ á kó rìn ní kìlómítà díẹ̀, òṣìṣẹ́ kan náà á máa ti ilé kan náà lọ síbi iṣẹ́, gómìnà kan á yọ̀ pé òun rí iṣẹ́ tuntun. Ọdún 2019 ni wọ́n tó fẹnu kò láti jáwọ́. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí owó tí ìpínlẹ̀ méjèèjì fi sílẹ̀ jẹ́ owó àwọn ará ìlú.

Dallas àti Fort Worth náà ti ṣe tiwọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí pápákọ̀ òfurufú tòun ló máa lékè, títí ìjọba àpapọ̀ fi sọ fún wọn ní 1964 pé kí wọ́n yan ibì kan ṣoṣo. Wọ́n lọ kọ́ ọ sí àárín méjì. Ní 1974 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn pápákọ̀ tí èrò ń gbà kọjá jù láyé lónìí. Ẹni tó ń yàn láàárín ìlú méjì, kó máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀: kí ni wọ́n jọ ní? Ibi tí wọ́n bá ti jọ ní omi, ọkọ̀ èrò tàbí pápákọ̀, ìhà tí ẹ bá gbé kò ní ṣe yín ní ohun púpọ̀. Ibi tí wọn kò bá jọ ní nǹkan kan, gbogbo ọjọ́ ni ẹ máa san owó ààlà náà, nínú àkókò tàbí nínú owó orí.

Àwọn mìíràn á ní kí ìlú méjèèjì kúkú di ọ̀kan. Brooklyn rò ó, ó sì dùn ún. Nígbà tí Chicago kọjá mílíọ̀nù kan ní 1890, lẹ́yìn tó ti gba àwọn ìlú etílé rẹ̀ mọ́ra ní 1889, àyà àwọn ará New York já pé yóò kọjá àwọn. Wọ́n ní kí Brooklyn wá dara pọ̀, ìlú ńlá tó wà ní òdìkejì omi. Brooklyn dìbò lórí rẹ̀ ní 1894: 64,744 ní bẹ́ẹ̀ ni, 64,467 ní rárá. Ìbò 277 ló fi yàtọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1898, Brooklyn kò sí mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlú tó dá dúró, ìkànìyàn tó sì tẹ̀ lé e ní 1900 fún New York ní 3,437,202. Ìkànìyàn 2020 fún Chicago ní 2,746,388. Ó fún Brooklyn, tó ti di apá kan lára New York, ní 2,736,074.